Ọ̀kẹ́ Ebè Lórí Àwo Kọ̀ǹpútà

Bí àgbẹ̀ Akaka Rẹ́mọ bá ṣán oko tán, kò tíì lè gbin nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ kọ ebè ná. Igba igba ni àwọn baba wa sì fi ń ka ebè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwo kọ̀ǹpútà àtijọ́ rí.

Ní 1962 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ 1311 jáde. Àwo rẹ̀ ṣeé yọ, ó sì ṣeé gbé rìn: pẹlẹbẹ 6 tí a tò léra lórí òpó kan. Ojú 10 ni a ń kọ nǹkan sí. Ní 1963, IBM kan náà dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Báwo wá ni a ṣe ń kọ ebè sórí àwo? Ojú kọ̀ọ̀kan ní ipa róbótó 100, ọ̀kan yí èkejì ká. Ipa kọ̀ọ̀kan pín sí sẹ́kítọ̀ 20. Sẹ́kítọ̀ ni ebè wa. Lẹ́tà 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Orí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ẹ̀rọ fi ń kàwé jọ ń rìn pọ̀ bí eyín ìyàrun. Níbi tí wọ́n bá dúró, ipa 10 ni wọ́n ń kà: 10 lọ́nà 20, igba. Ibùdúró wọn jẹ́ 100: igba lọ́nà 100, ọ̀kẹ́ kan géérégé! Lẹ́tà mílíọ̀nù 2 ni àpapọ̀ rẹ̀.

Fọ́mátì ni kíkọ nọ́ńbà sí iwájú sẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ lè mọ̀ ọ́n. Láìsí i, igbó lásán ni àwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún fọ́mátì àwo tó ti kún, ebè ni ó tún kọ sórí ẹ̀gẹ́ tó ti ta: gbogbo rẹ̀ ti run.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ní ebè tirẹ̀. Àwo RK05 ti ilé-iṣẹ́ Digital ní àmì tí a gé sí ìdí rẹ̀: 12 fún PDP-11, 16 fún PDP-8. Àwo kan lè wọ ẹ̀rọ èkejì dáadáa, kí ẹ̀rọ náà má sì lè kà á. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àwo àtijọ́ ní ilé ìkówèésí, kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè pé ẹ̀rọ wo ló ni ín. Kí ó má sáré fọ́mátì rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn kan ní Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. IBM kò kọ́ òǹkà lọ́wọ́ wa lóòótọ́. Síbẹ̀, ogún, igba àti ọ̀kẹ́ ti ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún wa.