Èdè Ítálì Lẹ́nu Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun Láti Gúúsù Èkìtì

1. Ìfáárà

Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti agbègbè wọn fi ń kọ́ èdè òkèèrè. Bí ó bá di ti èdè Ítálì, ọ̀nà náà yí po jù. Ọ̀ràn eré sì kọ́: láti ọdún 2010 ni òfin Ítálì ti béèrè pé kí ọ̀pọ̀ àlejò tí kì í ṣe ọmọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù yege nínú ìdánwò èdè, ní ìpele A2, kí wọ́n tó gba ìwé ìgbélùú onígbà pípẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí ń yẹ ohun tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ti ní lẹ́nu wò, àti ohun tí kò ní.

2. Fáwẹ́lì

Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Méje yìí kan náà ni ó ń jẹ yọ nínú sílébù tí a fi agbára pè nínú èdè Ítálì. Àkọtọ́ Ítálì kì í ya e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ, tàbí o kúrò lára ọ. Àkọtọ́ Yorùbá ń yà wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi àmì ìsàlẹ̀ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: venti ni 'ogún', vẹnti ni 'ẹ̀fúùfù', botte ni 'àgbá ọtí', bọtte ni 'lílù'. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo agbègbè Ítálì ni ó ń pa ìyàtọ̀ yìí mọ́, ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀-èdè ń tọ́ka sí i.

Ẹ̀ka-èdè Èkìtì fi èrè kan kún un. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èkìtì ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí i ulé, 'ilé'. Nítorí náà, uno 'oókan' àti uva 'èso àjàrà' kò ṣàjèjì sí ẹnu ọmọ Ìsẹ̀.

3. Ibi tí ìṣòro wà

Èkínní ni kọ́ńsónáǹtì gígùn. Pala ni ṣọ́bìrì, palla ni bọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò bá dá ahọ́n dúró díẹ̀ lórí l yóò béèrè bọ́ọ̀lù, wọn yóò sì gbé ṣọ́bìrì fún un. P inú wọn pàápàá kì í ṣe p Yorùbá: ètè nìkan ni a fi ń pè é, àfàsé kò sí níbẹ̀.

Èkejì ni agbára tí a fi ń pe sílébù. Bí agbára bá wà lórí sílébù àkọ́kọ́ ancora, 'ìdákọ̀ró' ni; bí ó bá wà lórí ìkejì, 'síbẹ̀' ni.

Ẹ̀kẹta, tí ó nira jù, ni ìbámu. Pupa kì í yí padà nínú ìwé pupa àti ilé pupa. Ní Ítálì, akọ ni ìwé, abo ni ilé: libro rosso, casa rossa, bí wọ́n bá di púpọ̀, libri rossi, case rosse. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń sọ̀rọ̀, o ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ṣe di parlo, parli, parla. Fáwẹ́lì ìparí ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí arọ́pò-orúkọ ń ṣe ní Yorùbá.

4. Àgbálọgbábọ̀

Fáwẹ́lì ìparí ni ó gbé púpọ̀ nínú gírámà Ítálì ró. Gẹ̀ẹ́sì a máa gbé irú fáwẹ́lì bẹ́ẹ̀ mì bí kò bá ní agbára; Yorùbá ń pe tirẹ̀ ketekete. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Olùkọ́ tí ó bá ti ibi fáwẹ́lì Yorùbá bẹ̀rẹ̀ yóò ní àkókò tó fún kọ́ńsónáǹtì gígùn àti ìbámu, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mú ti ilé wá.