Òkúta Tó Wé Láwàní

Ìlú Istanbul ni mo wà nígbà tí bàbá mi jáde láyé ní Ìbàdàn. Òru ni ìròyìn náà kàn mí. Kí n tó rí owó ọkọ̀ òfurufú kó jọ, àwọn ẹbí ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti kírun sí wọn lára, wọ́n sì ti sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílé.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo tó ráyè wálé. Àbúrò mi ọkùnrin mú mi lọ sí itẹ́ òkú. Koríko ti bo ibẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibí yìí ni. Àbí èyí tó tẹ̀ lé e." Òkìtì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sí òkúta, kò sí igi, kò sí àmì kankan. Mo ka Fátíhà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹyọ kan fún òkìtì kọ̀ọ̀kan, mo sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó wúwo.

Nígbà tí a délé, mo dá a lábàá pé kí a mọ nǹkan sí ojú sàréè náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àlùfáà, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ànábì kọ̀ fún wa láti kọ́lé sórí sàréè. Àdúrà ni òkú ń fẹ́, kì í ṣe sìmẹ́ńtì." Ìyá mi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n fi etí ìborùn nu ojú.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo padà sí Istanbul. Òun náà ló jẹ́ kí n fi ojú mìíràn wo ohun tí mo ti ń kọjá lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú náà.

Ìyá onílé mi níbẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Teyze ni mo ń pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Túrkì ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni tó jẹ́ obìnrin. Bí ọ̀la bá jẹ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn ará ìlú náà a máa lọ kí àwọn òkú wọn lónìí. Teyze ní kí n bá àwọn gbé ike omi tí wọn yóò dà sórí sàréè, a sì gba ọ̀nà Karacaahmet lọ, itẹ́ òkú ńlá tó wà ní agbègbè Üsküdar, ní apá ìlú tó bọ́ sí ilẹ̀ Éṣíà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá wo ibẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó rò pé èrò ló dúró sábẹ́ àwọn igi gíga tó rí ṣóńṣó. Òkúta àtijọ́ kọ̀ọ̀kan dúró bí èèyàn: ó ní ara, ó ní ọrùn, ó sì ní orí tó wé láwàní. Òmíràn ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àgbàlagbà tó ń tòògbé, òmíràn fara ti èkejì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò ní, ìyẹn ojú. Kò sí imú, kò sí ẹnu. Àwọn agbẹ́kùúta tó gbẹ́ wọn mọ ibi tí ẹ̀sìn ní kí wọ́n dúró dé, wọ́n sì dúró síbẹ̀.

Ohun tó wà lórí òkúta ni ó ń sọ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Láwàní onímọ̀ ẹ̀sìn yàtọ̀ sí ti ìjòyè, ti ìjòyè yàtọ̀ sí ti ológun. Àwọn súfí tó tẹ̀ lé ọ̀nà Mevlevi ní fìlà gíga tí kò ní ìṣẹ́po. Ti àwọn Bektashi pín sí ìlà méjìlá. Ní 1829, Sultan Mahmud Kejì pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bọ́ láwàní sílẹ̀, kí wọ́n dé fìlà pupa tí à ń pè ní fez. Kò pẹ́ tí àwọn òkúta náà fi pààrọ̀ fìlà: okùn wẹ́wẹ́ tó ń rọ̀ láti òkè fez wà lára òkúta di òní. Nígbà tó di 1925, ìjọba tuntun ilẹ̀ Túrkì fi òfin de fez pàápàá.

Ìbínú ọba náà a máa dé ọ̀dọ̀ òkú. Ní 1826, Sultan Mahmud kan náà tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Janissary ká, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n tún lọ sí itẹ́ òkú, wọ́n gé orí àwọn òkúta tó dé fìlà Janissary. Ti àwọn apààyàn ọba tún yàtọ̀. Ní òkè Eyüp, òkúta tí a kò gbẹ́, tí kò lórúkọ, tí kò sì ní orí ni wọ́n rì mọ́ ojú sàréè tiwọn, bóyá kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tí yóò ṣépè fún.

Àwọn obìnrin kì í wé láwàní lórí òkúta. Òdòdó ni tiwọn, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, tàbí gèlè. Bí ó bá jẹ́ ọmọge tí kò tíì lọ́kọ ló kú, wọn a gbẹ́ ìrudi òdòdó róòsì tó ti ṣẹ́ ní ọrùn. Àwọn èèyàn a máa sọ pé iye òdòdó tó wà lára òkúta ìyálọ́mọ ni iye ọmọ tó bí.

Iwájú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni Teyze dúró sí. Wọ́n ní, "Ìyá tó bí ìyá-ìyá mi nìyí. Ìyá mi ló fi hàn mí. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀." Kì í ṣe pé wọn kò kàwé. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ní 1928, ìjọba Túrkì pa lẹ́tà Lárúbáwá tì, wọ́n sì mú lẹ́tà irú èyí tí àwa náà fi ń kọ Yorùbá. Láàárín ìran kan, ọmọ kò lè ka orúkọ ìyá-ńlá rẹ̀ mọ́.

Mo tẹ̀ ba. Ẹ rántí pé ọmọ ilé-kéwú ni mí. Pàṣán àlùfáà kọ́ mi ní lẹ́tà kí n tó mọ A, B, D. Èdè Túrkì àtijọ́ kò yé mi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè pe ohun tí mo rí. Ìlà àkọ́kọ́ ni *Hüve'l-Bâkî*, pé Òun nìkan ni Ẹni tí yóò ṣẹ́ kù. Ìlà ìsàlẹ̀ ń tọrọ Fátíhà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ọdún tó wà níbẹ̀ ni 1316 ti Híjírà, tó bọ́ sí nǹkan bí 1898. Láàárín méjèèjì ni orúkọ wà. Ọ̀kan nínú orúkọ àwọn ọmọbìnrin Ànábì ni, òun náà sì ni ìyá bàbá mi ń jẹ́. Mo pè é. Teyze di apá mi mú, wọ́n ní kí n tún un pè.

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ìrísí òkúta wọ̀nyí ti wá láti ọ̀nà jíjìn. Kí àwọn Túrkì tó di Mùsùlùmí, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní àárín gbùngbùn Éṣíà, wọ́n a máa ri ère òkúta èèyàn mọ́lẹ̀ fún ìrántí òkú. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ wà ní Burana, ní ilẹ̀ Kyrgyzstan. Nígbà tí ẹ̀sìn dé, ojú parẹ́, orí dúró. Àwọn Ottoman sì gbé àṣà náà dé ilẹ̀ Yúróòpù, débi pé òkúta tó wé láwàní wà ní Sarajevo títí di òní.

Istanbul kò sì jìnnà sí wa tó bí a ti rò. Nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta kọ́ sí Èkó ní 1894, Sultan Abdul Hamid Kejì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti Liverpool, ló wá ṣojú Sultan. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. A gba oyè lọ́wọ́ wọn, a kò gba òkúta wọn. Ọ̀nà Hanafi ni àwọn ń tọ̀, Maliki ni ti àwa, ọwọ́ tí àwọn àlùfáà wa sì fi ń mú ọ̀rọ̀ sàréè le.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Bàbá Àlùfáà lórí fóònù. N kò bá wọn jiyàn. Mo gbà pé hádíìsì tí wọ́n sọ wà nínú ìwé Muslim. Mo kàn bi wọ́n léèrè nípa èyí tó wà nínú ìwé Abu Dawud: pé nígbà tí wọ́n sin Uthman ọmọ Maz'un, Ànábì fúnra rẹ̀ gbé òkúta sí ìgbèrí rẹ̀, kí ó lè fi mọ sàréè arákùnrin rẹ̀.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Mo wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni tiwọn nínú òkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Wọ́n ní, "Ta lo bi tẹ́lẹ̀? Èmi ni mo wà nínú sàréè tí mo gba àbúrò mi sílẹ̀. Ṣé mo lè ṣì í ni?"

Bàbá Àlùfáà ti pé ọgọ́rin ọdún. Àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá lọ, ìmọ̀ náà lọ nìyẹn. Mo rò pé èrò kan náà ló sọ sí wọn lọ́kàn, nítorí wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Òkúta lásán ni o. A ò ní kọ nǹkan kan sí i. Kò sì gbọdọ̀ ní orí."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi fi àwòrán ránṣẹ́. Òkúta dúdú kan tí kò ga ju orúnkún ọmọdé lọ wà ní ìgbèrí òkìtì àárín. Bàbá Àlùfáà dúró tì í, ìyá mi sì jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi han Teyze. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì bi mí ní orúkọ bàbá mi. Mo sọ fún wọn. Wọ́n tẹ́wọ́, àwa méjèèjì sì ka Fátíhà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.