Àgbẹ̀ Kì Í Jẹ Èbù Tán



Bí oyún bá pẹ́ kó tó dé, ìyàwó nìkan la sábà ń gbé kiri ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀, ìṣòro lè wà lọ́dọ̀ ọkọ.

Nínú kóró ẹpọ̀n, sẹ́ẹ̀lì kan wà tí a lè pè ní ìyá irúgbìn. Bó ṣe ń pín, àwọn kan á di irúgbìn inú àtọ̀, àwọn kan á dúró bí ìyá, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń jẹ iṣu tó sì ń fi èbù pamọ́. Àwọn jíìnì tí a jogún ló ń ṣètò rẹ̀. Ọ̀kan ni GDNF. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Finland rí i lára eku pé bí ẹyọ kan nínú méjèèjì bá sọnù, èbù ń tán lọ. Bó bá sì ṣiṣẹ́ jù, èbù ń pọ̀ ṣùgbọ́n kì í di irúgbìn.

Irúgbìn ń lò tó oṣù méjì àbọ̀ kó tó gbó. Nítorí náà, ẹ ní sùúrù fún ìtọ́jú tó oṣù mẹ́ta.

Ẹ má gba abẹ́rẹ́ testosterone nítorí agbára: ó lè dá irúgbìn dúró. Oògùn jẹjẹrẹ lè pa èbù gan-an. Ẹ bi dókítà nípa fífi àtọ̀ pamọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí ọdún kan bá kọjá láìsí oyún, kí tọkọtaya jọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ọmọ rere ta wá lọ́rẹ. Àmín.