Kí ni Aláìsàn Ń Fẹ́?

Nígbà tí Olúwa wa pàdé Bátíméù ní Jẹ́ríkò, ẹnikẹ́ni lè rí i pé afọ́jú ni. Síbẹ̀ Ó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́. Irú ìbéèrè yìí ni ìpìlẹ̀ ètò ìtọ́jú tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ. Ní 1961, Ida Jean Orlando, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, kọ́ni nínú ìwé rẹ̀ pé kí nọ́ọ̀sì má ṣe dá rò ó fún aláìsàn, kí ó wádìí lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá àgbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe àpẹẹrẹ. “Nọ́ọ̀sì yóò ran Màmá lọ́wọ́ láti rìn” kì í ṣe àfojúsùn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Àfojúsùn ni pé: “Kí ọjọ́ 14 tó pé, Màmá yóò fi ọ̀pá rìn láti ibùsùn dé ilé ìwẹ̀.” Ó sọ ẹni tí yóò ṣe é, ohun tí yóò ṣe, ibi tí yóò dé àti ọjọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí kò rí bẹ́ẹ̀, ètò ni a ó tún ṣe. A kì yóò dá Màmá lẹ́bi.

Ẹ̀yin òbí àti ẹlẹgbẹ́ wa, àwa ọmọ a máa yára dáhùn fún àwọn òbí wa nídìí ibùsùn. Àwa lè máa sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sì jẹ́ pé àtidé ilé Ọlọ́run ni Màmá ń fẹ́. Bí àìsàn bá gba ohùn wọn, kí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n jù lọ sọ ohun tí wọn ìbá sọ. Bí wọ́n bá lè fọhùn, ẹ jẹ́ kí a dákẹ́, kí wọ́n dáhùn fúnra wọn.