Ìwé Ìròyìn Tí A Ti Kà Tán Tún Lè Di Ohun Ọ̀ṣọ́ Ilé

Ní àsìkò yìí tí iṣu ti wọ àká, tí a sì ti kó ọkà wọlé, ọwọ́ máa ń dilẹ̀ díẹ̀. Àsìkò yìí náà ni àwọn ìyá máa ń wo ògiri pálọ̀ pé ó yẹ kí a fi nǹkan ẹwà sí i. Ṣùgbọ́n owó tí a rí lórí irè oko ti ní ibi tí ó ń lọ: owó ilé ìwé àwọn ọmọ, owó ajílẹ̀ àti owó oògùn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ìwé ìròyìn, magasíìnì àti ìwé iléèwé tí a ti lò tán ṣe ohun ọ̀ṣọ́ láìná owó púpọ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Nígbà àkọ́kọ́ tí a kọ́ àwọn ìyá ní iṣẹ́ yìí, a gba òkìtì ìwé ìròyìn láti ilé kan, a sì da gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà omi láìtú u wò. Ní ọjọ́ kejì ni bàbá onílé ń wá ìwé tí wọ́n kọ fún un nígbà tí ó san owó ilẹ̀ oko rẹ̀. Àárín ìwé ìròyìn ni ó fi í sí kí ó má baà ká kò. Nígbà tí a rí i, yíǹkì ti fọ́, ojú ìwé kò ṣe é kà mọ́. Bí kì í bá ṣe pé àwọn méjì tí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tí ó san owó náà ṣì wà láàyè, tí wọ́n sì bá wa lọ sọ ọ́, a kò mọ ohun tí à bá sọ fún bàbá náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó rí òmíràn gbà.

Nítorí èyí, òfin àkọ́kọ́ nìyí: ẹ ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó kan omi. Ẹ wò ó bóyá rìsíìtì, ìwé ìbí ọmọ, ìwé ẹ̀rí iléèwé tàbí àwòrán àwọn tí ó ti kú wà láàárín rẹ̀. Inú àpótí páánù ni kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa gbé. Bí ẹ bá sì rí ìwé ìròyìn tí ó ti pẹ́ gan-an, ẹ má ṣe ya á. Láti ọdún 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta ni a ti ń ní àkọsílẹ̀ irú èyí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti sọnù.

Ìdí tí ìwé fi ń le

Igi ni wọ́n fi ń ṣe ìwé. Wọ́n á lọ igi náà títí yóò fi di fọ́nrán wẹ́wẹ́, àwọn fọ́nrán náà ni ó di ara wọn mú tí ó di ìwé. Bí a bá rẹ ìwé sínú omi, fọ́nrán wọ̀nyí á tú. Bí a bá pò wọ́n mọ́ sítáàṣì tí omi sì gbẹ kúrò lára wọn, wọ́n á tún di ara wọn mú, wọ́n á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwé ìròyìn lásán máa ń mu omi dáadáa, òun ni ó dára fún àwo. Ìwé magasíìnì tí ó ń dán kì í mu omi bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti fi nǹkan bí amọ̀ funfun kun ojú rẹ̀; ìlẹ̀kẹ̀ ni ó yẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ọmọdé lásán ni èyí. Ní ìlú Rockport ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Elis Stenman bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìròyìn ṣe ògiri ilé rẹ̀ ní ọdún 1922. Ìyẹ̀fun àti omi wà nínú ohun tí ó fi ń lẹ̀ ẹ́. Ó fi ìwé tí a ká ṣe àga àti tábìlì sínú ilé náà, àwọn ènìyàn sì ń lọ wò ó títí di òní.

Bí a ti ń ṣe àwo ọ̀ṣọ́

Ẹ fi ọwọ́ ya ìwé ìròyìn sí wẹ́wẹ́, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e, nítorí etí tí a ya máa ń lẹ̀ ju èyí tí a gé lọ. Ẹ se ewé dóńgóyárò, kí ẹ sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹ sì fi omi náà ro sítáàṣì gbágùúdá tí yóò ki bí ògì. Ìkorò ewé yìí kì í jẹ́ kí kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ da igbá tàbí abọ́ kan dé, kí ẹ fi epo díẹ̀ pa ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìwé má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ máa fi ìwé tí ẹ ti rẹ sínú sítáàṣì bo ẹ̀yìn igbá náà. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ ní ìpele méjì, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó fi méjì mìíràn lé e, títí yóò fi pé mẹ́jọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kánjú. Bí inú kò bá gbẹ, àwo náà yóò bu, yóò sì máa rùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọyẹ́ a máa tètè gbẹ ẹ́. Ẹ má ṣe dán an wò ní àkókò òjò àyàfi bí ẹ bá ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Bí ó bá gbẹ tán, ẹ yọ ọ́, ẹ gé etí rẹ̀, ẹ kùn ún ní ọ̀dà, kí ẹ sì fi fáníìṣì pa á.

Ìlẹ̀kẹ̀ àti férémù

Ẹ gé ojú ìwé magasíìnì aláwọ̀ mèremère ní ọ̀já gígùn, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ìka kan, kí orí rẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Ẹ fi ìdí rẹ̀ lé ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, kí ẹ máa ká a lọ títí dé ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ ìgbálẹ̀, ẹ fi fáníìṣì pa á, kí ẹ sín in sí okùn. Àwọn obìnrin ní Ùgáńdà ń fi irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí rí owó. Ní Bida tí kò jìnnà sí Minna, àwọn Masaga náà ń yọ́ ìgò tí a ti lò nínú iná láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni.

Fún férémù, ẹ ká ìwé mọ́ sípóòkì kẹ̀kẹ́ kí ó rí bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ yọ sípóòkì náà, kí ẹ sì lẹ ọ̀pá wọ̀nyí mọ́ páálí yí àwòrán ká. Ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń pa á, nítorí ìwé ìròyìn a máa pọ́n bí ó bá pẹ́ lójú oòrùn.

Ìkìlọ̀

Ẹ má ṣe bu oúnjẹ sínú àwo ìwé, bí ó ti wù kí ó dán tó. Ẹ má sì ṣe fi ìwé ìròyìn wé àkàrà tàbí súyà gbígbóná mọ́, nítorí epo àti ooru máa ń fa yíǹkì wọ inú oúnjẹ. Ẹ gbé gbogbo ohun tí a fi ìwé ṣe jìnnà sí fìtílà àti àbẹ́là. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ikán. Orí tábìlì tàbí ara ògiri gbígbẹ ni kí ó wà.

Bàbá tí a ba ìwé rẹ̀ jẹ́ ti ń fún wa ní ìwé ìròyìn padà báyìí. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ń tú u wò ní ojú wa, ojúewé kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó tó fi lé wa lọ́wọ́. A kò bínú sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí gbogbo wa máa ṣe. Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àṣẹ.