Agbárí Tí A Tú Ká
Egungun ènìyàn, wáyà idẹ, pákó. Ilẹ̀ Faransé, ọ̀rúndún 19.

Ojúlówó agbárí ni èyí. Ènìyàn bíi tiwa ló ni ín, ẹ jẹ́ ká fọ̀wọ̀ wò ó. Egungun 22 ló para pọ̀ di orí àti ojú. Níbí, wọ́n tú wọn ká, wọ́n sì fi wáyà idẹ gbé ìkọ̀ọ̀kan dúró sí àyè rẹ̀. Orúkọ Beauchêne, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni irú iṣẹ́ yìí ń jẹ́ títí dòní.

Títú u ká kò rọrùn. Etí àwọn egungun náà rí wágunwàgun bí eyín ayùn, wọ́n sì há mọ́ra pinpin. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á da ẹ̀wà gbígbẹ kún inú agbárí, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi. Bí ẹ̀wà bá ṣe ń wú ni egungun á máa yà kúrò lára ara wọn.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ẹnu àti ojú ló ń lo irú agbárí yìí. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá fọ́ níbi ìjàm̀bá ọkọ̀, ẹni tó máa tò ó gbọ́dọ̀ mọ egungun tó kan egungun.

Ẹ wo eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ dáadáa. Ihò kékeré kan wà lápá kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ àwọn eyín ẹ̀gbẹ́. Iṣan tí ètè ìsàlẹ̀ fi ń mọ nǹkan lára ló ń gba ibẹ̀ jáde. Bí ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ bá ṣèèṣì gé e, ètè aláìsàn lè kú tipiri, kó má mọ̀ bóyá tíì gbóná tàbí ó tutù.