ÌTỌ́JÚ ỌMỌ TÍ A BÍ PẸ̀LÚ ÀLÉÉBÙ ŃLÁ NÍ IYÀRÁ ÌGBẸ̀BÍ: Lẹ́kkí Phase 1 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Àléébù àbímọ́ ni àìpé ẹ̀yà ara tí ó ti wà lára ọmọ kí ó tó dé ayé. Àwọn kan a máa pè é ní àbùkù, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ẹ̀tẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyá ọmọ ni ó sì máa ń bá. Ìdí nìyí tí àléébù fi yẹ jù ú lọ. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, Ọbàtálá ni ó mọ abuké, arọ àti àfín bí wọ́n ti rí. Ẹni òrìṣà ni wọ́n, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí dáàbò bo ẹni tí ó bá yè. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a bí tí ìfun rẹ̀ wà níta yàtọ̀: wákàtí àkọ́kọ́ ni ó ń sọ bóyá yóò yè.

Gastroschisis ni àwọn oníṣègùn ń pe èyí. Ihò kan a wà lára ikùn, lápá ọ̀tún ìwọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ìfun a sì ti ibẹ̀ yọ jáde láìsí awọ tí ó bò ó. Òtútù àti omi ara tí ń gbẹ ni ó ń kọ́kọ́ wu ọmọ náà léwu, kí kòkòrò àrùn tó dé. Nítorí náà, títi ìfun padà sínú kì í ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí. Tirẹ̀ ni kí ó nu ọmọ gbẹ, kí ó fi ọ̀rá mímọ́ wọ̀ ọ́ láti ẹsẹ̀ dé abíyá, pẹ̀lú ìfun nínú rẹ̀, kí ó sì tẹ́ ẹ sórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ìfun má baà lọ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gba imú tàbí ẹnu dé inú ikùn láti fa afẹ́fẹ́ àti omi jáde. Ọmọ yóò gba omi láti ojú iṣan, kò sì gbọdọ̀ mu ọmú. Aṣọ tútù nìkan, tí ọwọ́ ń tètè nà mú, a máa mú kí ara rẹ̀ tutù sí i. Ọ̀rá kò sì wọ́n.

Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ̀ jáde ní 2021, láti ilé ìwòsàn 264 ní orílẹ̀-èdè 74, fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí ó ní gastroschisis, 90 ni ó kú ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tálákà jù, bí 32 ní àwọn tí ó wà láàárín, níbi tí Nàìjíríà wà, àti 1 tàbí 2 péré ní àwọn ọlọ́rọ̀. Àléébù kan náà ni.

Ilé ìwòsàn aládàáni pọ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1, síkáànù kò sì ṣòro rí níbẹ̀. Èyí tí a ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 lè fi ìfun tí ó wà níta hàn. Nígbà náà, kí ìyá lọ bímọ nítòsí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ni ó dára jù, bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Gastroschisis nìkan kò sọ ọ́ di dandan pé kí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Bí a kò bá tètè mọ̀, ọmọ ni yóò rin ìrìn náà: yóò gba afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí tí a ṣí ní 2013, yóò gba afárá Third Mainland, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ Èkó. Owó àwọn ará Lẹ́kkí kò sọ ọ̀nà yìí di kúkúrú.

Àléébù kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀. Bí ìfun bá gòkè wọ àyà, fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ lẹ́nu àti imú yóò wú ìfun, yóò sì há ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Inú ọ̀nà èémí gan-an ni rọ́bà gbọ́dọ̀ wọ̀. Ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ là yóò da ikùn délẹ̀, pẹ̀lú aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ àti ọ̀rá lórí egbò náà.

Àwọn àléébù kan wà tí ọmọ kò lè bá yè, bíi kí òkè agbárí àti ọ̀pọ̀lọ́pọ̀ nínú ọpọlọ má sí. Ìtọ́jú kò parí síbẹ̀: ooru, ìdẹ̀rùn àti àyà ìyá rẹ̀ ṣì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe kánjú ka ọmọ mìíràn mọ́ irú èyí nítorí pé ìrísí rẹ̀ bani lẹ́rù. Kí wọ́n tó gbé èyí tí ń lọ sọdá afárá jáde, kí ìyá rí i, kí ó sì fọwọ́ kàn án, nítorí òun lè wà lórí ibùsùn ní Lẹ́kkí fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Kí ìwé bá ọmọ lọ, tí yóò sọ wákàtí tí a bí i, iye omi tí ó gbà, bóyá ó ti tọ̀, àti bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ fítámì K.